Èkó tàbí Ìbàdàn: ibo ni ká kó ìbejì àti ìyá àgbà lọ?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí èmi àti bàálé mi ti ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Kàdúná là ń gbé láti ìgbà tá a ti ṣègbéyàwó. Ilé iṣẹ́ bàálé mi fẹ́ ti ẹ̀ka tó wà níbí pa. Wọ́n ní kó máa ti ilé ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, dandan ni kí wọ́n rí i ní ọ́fíìsì àgbà ní Màrínà, l'Ékòó. Nọ́ọ̀sì lèmi, ibi tí ọsibítù bá wà ni mo ti lè wáṣẹ́. Àwọn ìbejì pé ọmọ ọdún méje. Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, Yorùbá wọn kò já gaara. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màmá fínra, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Bàálé mi ní Èkó ni ká lọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èmi ní Ìbàdàn, torí owó ilé àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo ní ṣebí reluwé wà, kó máa jí wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kó sì máa bá a padà lálẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú méjèèjì tinú-tòde, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Èmi ò ní fi bò fún yín: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà l'Ékòó, Èkó ni kó gbé. Ọjọ́ méjì tòní lè di mẹ́rin lọ́la. Ọ̀gá tuntun kan á dé, á ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ padà sí ọ́fíìsì. Ìgbà yẹn, ẹ ti sanwó ilé n'Ìbàdàn, ẹ ti sanwó ilé ìwé, ìyá àgbà ti mọ dókítà tó ń tọ́jú wọn. Ibo lẹ fẹ́ gbà?

Lẹ́yìn náà, Èkó tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba àwọn tó wà lókèèrè ti ń yí padà. Reluwé aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 dé Màrínà níbi tí bàálé yín ń lọ gan-an. Aláwọ̀ pupa náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024, láti Agbádó dé Ọyìngbò. Èmi ń rí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, wọ́n máa ń ráyè sùn díẹ̀ sí i láàárọ̀. Iṣẹ́ tiyín náà, ọsibítù aládàáni l'Ékòó kò lóǹkà. Bí ọ̀kan ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó rí òmíràn.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ mi, Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ilé. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọmọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n gba ibi àwọn ọmọ wọlé.

Ọdún méje ṣì dára fún èdè. Ọmọ tó bá bọ́ sí àdúgbò Ìbàdàn ní ọjọ́ orí yẹn, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ Yorùbá. Aládùúgbò á fi bá a wí, ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ á fi kí i, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, tó bá yá, òun náà á máa fi pa àlọ́. L'Ékòó, ọ̀pọ̀ ilé ìwé àti ẹ́sítéètì ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ máa bá nílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì máa bá lọ. Ìyá àgbà náà wà níbẹ̀ o. Àgbà tó bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ara rẹ̀ á yá ju ti ẹni tí wọ́n ti mọ́ inú fúlátì láti àárọ̀ títí ọmọ fi dé láti ibi iṣẹ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sì fi Ìbàdàn pe abúlé. Yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí ní 1948. UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì náà, ń gba aláìsàn níbẹ̀ láti 1957. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìwọ̀ oòrùn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1959. IITA tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀wà wà níbẹ̀ láti 1967. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ̀wé, ìlú náà kò ní dí i lọ́wọ́.

Awakọ̀ Márosẹ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń wakọ̀ lójú ọ̀nà yẹn sọ bó ṣe rí, kí ẹ má bàa fi àlá ṣètò ilé.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 127. Wọ́n ti tún un ṣe, ìyà ìgbà kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ọ̀nà bá dá, wákàtí méjì lè máà pé tí a ó fi já èrò sí Berger, ní ẹnu ọ̀nà Èkó. Àmọ́ Berger kọ́ ni Màrínà. Láti Berger, kí ẹ gba Ojóta, kí ẹ gun afárá Third Mainland, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ibẹ̀ nìkan lè jẹ wákàtí kan mọ́ yín lọ́wọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìsìn òru bá wà ní Redemption City tó wà lójú ọ̀nà náà, ẹni tó bá lè dúró sílé, kó dúró. Alẹ́ ńkọ́? Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó sọ rírin ọ̀nà yẹn lóru di àṣà.

Ó kan reluwé. Reluwé náà dára, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i ní gbangba, kìlómítà 157 ni, ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Àmọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ n'Ìbàdàn, Mọ́níyà ló wà, lọ́nà Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Ti Èkó wà ní Alágòmẹ́jì, Yábàá. Ẹni tó ń gbé ní Challenge gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la Ìbàdàn já kó tó dé ìdí ọkọ̀. Á lò tó wákàtí méjì ààbọ̀ lórí irin. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Yábàá, á tún wá mọ́tò lọ sí Màrínà. Ìgbà tó bá fi máa jókòó sídìí iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń múra àtijẹun ọ̀sán. Ìwọ̀nba ìgbà ló sì ń gbéra lóòjọ́. Tí tìrọ̀lẹ́ bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, lórí lílọ-bíbọ̀ ọjọ́ kan náà, bàálé yín ló jàre.

Kọ́kọ́rọ́ Ilé

Iṣẹ́ àtibáni-wálé ni mò ń ṣe. Mo ti ṣe é ní Sùúrùlérè, mo sì ń ṣe é n'Ìbàdàn báyìí.

L'Ékòó, owó tí lánlọ́ọ̀dù bá dá kọ́ ni owó tí ẹ ó san. Kọmíṣọ̀n èjẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó àgírímẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó kọ́ṣọ̀n tún wà, tó bá jẹ́ ẹ́sítéètì, wọ́n á fi owó ìtọ́jú ọgbà kún un. Ẹ béèrè àpapọ̀ owó ọdún àkọ́kọ́ kí ẹ tó lọ wo ilé rárá. Ẹ tún mọ èyí: òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, àmọ́ ó mú ibi tó kù. Ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè owó ọdún méjì. Ẹni tó bá mọ òfin á lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ dúnàá dúrà.

N'Ìbàdàn, owó tó ń gba yàrá kan àti pálọ̀ ní àdúgbò dáadáa l'Ékòó sábà máa ń gba yàrá mẹ́ta pẹ̀lú àgbàlá tí ọmọ lè sá eré nínú rẹ̀. Kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ o, torí àwọn ará Èkó ń kó bọ̀, àwọn onílé náà sì ti gbọ́. Ohun tí ilé Ìbàdàn sábà fi ń gba owó rẹ̀ padà ni ọ̀nà àti omi. Wọ́n á fi ilé tó dán gbinrin hàn yín, àmọ́ títì tó wọ ibẹ̀ á ti di kòtò, omi ẹ̀rọ ìjọba kò sí, kànga tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ ni gbogbo ilé gbára lé. Tó bá di oṣù kejì tàbí ìkẹta, kànga mìíràn a máa fà sẹ́yìn títí tí korobá fi ń fọwọ́ kan ẹrẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ènìyàn lọ wo kànga.

Tẹ́ ẹ bá dé inú ilé, ní ìlú èyíkéyìí, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọ̀dà ìsàlẹ̀ títí dé orúnkún tuntun ju tòkè lọ, omi ti wọ ibẹ̀ rí, wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó ni. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná kí ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kí ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá láìmú èjẹ́ǹtì dání, kí ẹ kí obìnrin tó bá ń fọṣọ ní ilé kejì. Òun ló máa sọ òótọ́ àdúgbò fún yín.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Bọ̀ọ̀dá Awakọ̀, mo ti fi ọ̀rọ̀ yín han bàálé mi, ó rẹ́rìn-ín títí.

Ohun kan tí mi ò sọ lákọ̀ọ́kọ́: màmá kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ilé tá a ti ń rí l'Ékòó tí apá wa ká, àjà kejì tàbí ìkẹta ni gbogbo wọn. Èyí tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ní omi máa ń wọ ibẹ̀ tàbí kí owó rẹ̀ ga jù. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tèmi náà ń kọ mí lóminú. Ṣé owó nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn lè gbé ènìyàn?

Aláṣọ Funfun

Ìyá Ìbejì, ẹlẹgbẹ́ yín lèmi. Ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ń fún wa, ti gbogbo Nàìjíríà ni, torí náà ẹ ò ní tún ìdánwò ṣe torí pé ẹ yí ìpínlẹ̀ padà. Àmọ́ iṣẹ́ ìjọba kì í wà nílẹ̀ de èèyàn. Yálà UCH ni o, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, ìgbà tí wọ́n bá ń gbà ni wọ́n ń gbà. Ibi aládàáni ni ẹ ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì rèé, Èkó ń sanwó ju Ìbàdàn lọ, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ fi iye tí ẹ ó máa fi wọkọ̀ sí i o, kí ẹ sì fi àkókò sí i. Iṣẹ́ wa kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè pẹ́ dé kó ní gosilo ni. Ẹnì kan ti wà níbẹ̀ mọ́jú, ó ń retí kí ẹ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. L'Ékòó, mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí wọ́n lè gba iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó tún ní ìbejì tó ń lọ sílé ìwé àti ìyá àgbà nílé, ara rẹ̀ ni yóò san án.

Lórí ti màmá, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọsibítù ńlá nìkan darí yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa wọ̀n ọ́n déédéé, tí oògùn wọn kò ní já, tí wọn ò sì ní lo odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà kí wọ́n tó rí dókítà. Ibi tó bá sún mọ́lé jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọsibítù ńlá wà fún ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo padà dé. Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì pa Èkó tì. Ẹ wo Fẹ́sítàkì àti Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin. Wọ́n kọ́ Fẹ́sítàkì fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti 1977, torí náà wọ́n fètò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀: títì wà, ilé ìwé wà nínú ọgbà, ilé tó jókòó sílẹ̀ náà wà. Láti ibẹ̀ dé Mile 2 kò jìnnà. Bàálé yín á fi káàdì Cowry wọ reluwé búlúù, ó di Màrínà. Kìlómítà 13 péré ni gbogbo ojú irin náà. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú tàbí Ajah lọ sí ọ́fíìsì kan náà á ti lo ìlọ́po àkókò yẹn kó tó dé.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé Èkó le, ẹ sọ àdúgbò tẹ́ ẹ ní lọ́kàn. Èkó kì í ṣe ibì kan ṣoṣo.

Ẹni Omi Lé

Ọ̀rọ̀ ọmọ Èkó yìí yé mi, ó sì kan Ìbàdàn náà. Àwọn àgbà ní "Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo." Ìbàdàn tó wà lẹ́bàá odò yàtọ̀ sí Ìbàdàn tó wà lórí òkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ omi, torí mo ti rí i kó ẹrù àwọn ènìyàn lọ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gba àárín ìlú Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lódì kejì kò rí ọ̀nà wọ ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn odò àti afárá, wọ́n sì tún ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Ọdún 2011 yẹn kan náà, ní oṣù keje, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ títì Èkó di ọ̀sà. Ìlú méjèèjì ló mọ omi.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ìbàdàn ní òkè àti àfonífojì. Omi a máa sáré wá, a sì máa sáré lọ. Ẹni tó bá yẹra fún bèbè odò ti bọ́. Èkó tẹ́jú, ilẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun àti ọ̀sà lọ, omi kì í tètè rí ibi gbà. Ó lè jókòó síwájú ilé fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ wà níbi tí wọ́n á ti máa gbé wọn kọjá omi lọ sí ọsibítù. Fẹ́sítàkì tí ẹ dárúkọ yẹn dára, àmọ́ ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ lé, títì kan nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó.

Iná Ò Gbọdọ̀ Kú

Kúkúrú ni tèmi. Ọkùnrin tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, iná ni oko rẹ̀. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn ìlà iná sí báǹdì, báǹdì A ló yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, owó rẹ̀ sì ga ju tàwọn yòókù lọ. Ilé méjì tó kọjú síra lè wà lórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má béèrè bóyá iná wà l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn. Ẹ béèrè báǹdì títì náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi rìsíìtì iná tí wọ́n rà lẹ́nu àìpẹ́ hàn yín. Ẹ gbé fóònù yín dé inú yàrá tó máa lò fún iṣẹ́, kí ẹ wo bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré sí.

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Èmi ni bàálé tí wọ́n ń sọ. Ìyàwó mi ló ní kí n wá fẹnu ara mi sọ ọ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn gosilo. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tí ọ̀gá kò bá rí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Mo ti rí i níbí. Nígbà tí àwọn ọ̀gá àgbà bá dé láti Èkó, àwọn tó wà nítòsí wọn ni ìgbéga ń kàn, kì í ṣe àwọn tó ń fi íméèlì ránṣẹ́. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, màmá mi wà lọ́wọ́ mi. Bí iṣẹ́ yìí bá yẹ̀, iṣẹ́ irú rẹ̀ n'Ìbàdàn kò pọ̀. L'Ékòó, mo lè rí òmíràn kí oṣù tó parí. Ìyẹn ni mò ń rò lóru tí ìyàwó mi ń rò pé mo ń sùn.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, Bàbá Ìbejì, mo dúpẹ́ pé ẹ jáde sọ ọ́. Èmi náà ń gbé Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ mi sì wà l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán, òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan: ọjọ́ méjì yẹn, ṣé wọ́n tẹ̀ léra? Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni, Ìbàdàn kò ní ṣeé gbé, ẹ má tàn ara yín. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ ó gbéra ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ti parí ní òwúrọ̀, ẹ ó sùn l'Ékòó ní òru méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó padà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tàbí ìdájí Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjèèjì yẹn, ẹ ó ti dé ọ́fíìsì kí ọ̀gá tó dé, ẹ ó sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Àwọn tó ń gbé l'Ékòó gan-an kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, torí wọ́n ń sá fún gosilo ìrọ̀lẹ́. Èmi ti rí i pé ọ̀gá mi mọ̀ mí ju bó ṣe mọ àwọn tó wà ní Ìkẹjà lọ.

Ohun tí ètò yìí ń fẹ́ ni ibi tí ẹ ó máa sùn sí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa wo yín bí àlejò tó pẹ́ jù. Bí mọ̀lẹ́bí bá wà, ẹ jẹ́ kí owó kan máa jáde lọ́wọ́ yín lóṣooṣù fún oúnjẹ àti iná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ pé ọjọ́ méjì náà á máa tẹ̀ léra. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá a máa bá ọ̀gá lọ.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ Bódìjà, ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì mọ̀ pé òru méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí bàbá ò sí nílé, gbogbo ẹrù ilé á wà lórí ìyá. Kí wọ́n jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ òru nọ́ọ̀sì àti ọjọ́ Èkó bàbá kò gbọdọ̀ pàdé láé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Èmi ò tíì yí ohùn padà o. Ètò yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ ilé méjì ni, ìnáwó méjì ni. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, owó ibi tẹ́ ẹ máa sùn, owó oúnjẹ ìta, kí ẹ wá fi wé owó ilé Fẹ́sítàkì. Tí Ìbàdàn bá ṣì dínwó, ẹ lọ pẹ̀lú àlàáfíà. Tí kò bá dínwó, ẹ wá bá wa níbí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará, a kí yín o. A jókòó, a ṣírò rẹ̀ bí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ní ká ṣe. Ìbàdàn ṣì dínwó, àmọ́ kò dínwó tó bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀. Ohun tó wá mú wa dé ojú kan ni pé ọ̀gá bàálé mi gbà pé kó máa wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ó sì ti fi ránṣẹ́ nínú íméèlì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Fẹ́sítàkì ní yàrá kan tó ṣófo, inú rẹ̀ dùn sí i. Èmi á wáṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti fún mi ní iṣẹ́ òru ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Bàálé mi ní ká fi ọdún kan wò ó, pé tí ilé iṣẹ́ bá fi lè sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́rin, a ó kó lọ sí Fẹ́sítàkì láìjà. Mo gbà fún un.

Ó wá ku àdúgbò. Wọ́n ń fi ilé hàn wá ní Bódìjà, ní Akóbọ̀ àti ní Felélé. Bọ̀ọ̀dá Awakọ̀, ẹ gbà wá o. Ibo ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù láti ti máa lọ sí Èkó?

Awakọ̀ Márosẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Bó bá jẹ́ ti ọ̀nà nìkan, Felélé ni. Ó sún mọ́ Challenge, ó sún mọ́ Toll Gate, bàálé yín kò ní la ìlú já rárá. Á wọkọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, á sì ti dé Fẹ́sítàkì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bó bá jẹ́ pé itòsí UCH tàbí Mọ́kọ́lá lẹ ti máa rí iṣẹ́, Bódìjà ló dáa fún ẹ̀yin, torí ẹ̀yin lẹ ó máa jáde lójoojúmọ́, òun á máa jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láti Bódìjà, tó bá wù ú kó wọ reluwé, á gba Ojóò lọ sí Mọ́níyà. Tìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé bá ètò tiyín mu, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lọ́fíìsì lálẹ́ yẹn. Akóbọ̀ dára, ilé rẹ̀ sì pọ̀, àmọ́ ẹ lọ dúró ní General Gas ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹ wo bí mọ́tò ṣe tò kí ẹ tó sanwó.

Tẹ́ ẹ bá ti ń bọ̀ láti Kàdúná pẹ̀lú ẹrù, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù wọ Ìbàdàn lójú ọ̀sán. Ẹ sì jẹ́ kí màmá bá ọkọ̀ kékeré wá. Kí wọ́n jókòó síwájú, kí orúnkún wọn lè rí ibi nà sí.